Ìka Ìyá Rẹ Tí Mo Fi Igi Gbẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, mo sì kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ẹni tí mi ò rí rí ṣùgbọ́n tí mo máa ń fi sínú àdúrà kí inú rẹ̀ lè máa yọ́ sí ọ. Bí o bá ti ń jí láràárọ̀, kí ara rẹ máa bá ọ jí. Àga tí o ń jókòó lé ní ọ́fíìsì kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ, káfíńtà ló sì ń ṣe àdúrà yìí, èmi mọ ohun tí àga lè fi ojú èèyàn rí. Ní tèmi, mo wà, mo wà dáadáa, mo wà ju bí gbogbo yín ṣe rò lọ.

Ọwọ́ ni mo fi kọ ìwé yìí, kì í ṣe pé fóònù tí o rà fún mi ti bàjẹ́. Ó wà lórí tábìlì ní pálọ̀, mo fi aṣọ bò ó lórí kí ó má baà rí ohun tí mò ń kọ. Mo ti ṣàkíyèsí pé ìyá rẹ wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo bá sì sọ nítòsí rẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ìwọ nìkan sọ, màá dé orí rẹ̀ tó bá yá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ìyá rẹ tó lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúnkún, dókítà ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kí orúnkún má baà gan, àwọn náà fárígá pé àwọn ò ní gbé ẹsẹ̀ kankan àfi bí àbúrò àwọn bá di àwọn lọ́wọ́ mú. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, kò tíì fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé ju pé kó lọ kí èèyàn kó sì padà. Ó di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí òun bá gbọ́ ìròyìn burúkú kan ṣoṣo láti ilé yìí, ọjọ́ náà gan-an ni òun máa wọkọ̀ padà, kí orúnkún ẹ̀gbọ́n òun wà bó ṣe wà. Àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Àǹtí Rédíò nítorí pé kò sí ìròyìn tó ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, dúró tì wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó òun máa lọ láìfòyà, pé òun á máa fojú sí mi lára, òun á sì máa pè é láti sọ bí nǹkan ṣe ń lọ, àti pé kò ní pẹ́ tí òun á fi rí mi lẹ́nu ọ̀nà òun pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ìwọ náà ńkọ́? Mo gbọ́ ọ nínú fóònù, o ní kí wọ́n tètè gbé gáàsì jáde kí n tó jó ilé mọ́ ara mi lórí. Mo gbọ́, mi ò fèsì nígbà yẹn. Èsì rẹ̀ ni mò ń kọ yìí.

Ìyá rẹ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ó ní kí n ṣàn án, kí n dà á sínú ìkòkò, kí n ti ìka ìfábẹ̀lá bọ inú rẹ̀ títí orí ìka á fi kan ìrẹsì, kí n wá máa da omi sí i, tí omi bá ti dé oríkèé àkọ́kọ́, kí n dáwọ́ dúró. Ó rọrùn létí. Mo fọ ọwọ́ mi, mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo da omi, omi dé oríkèé, mo dáwọ́ dúró, mo tan gáàsì, mo dé ìkòkò, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ fi sáńpépà kọjá lára àpótí kan tí wọ́n ń retí. Òórùn ló pè mí wálé. Nígbà tí mo ṣí ìkòkò, ìrẹsì tó wà lókè le gbandi bí òkúta wẹẹrẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di èédú, èéfín sì ti ń gba ojú fèrèsé jáde bọ́ sí àdúgbò.

Ọmọ mi, ìyẹn ni ìgbà tí àyà mi já. Kì í ṣe nítorí ìrẹsì. Mo mọ̀ pé bí Rédíò bá fi lè gbóòórùn èéfín yẹn, kí n tó fọ ìkòkò tán ìyá rẹ á ti wà nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jókòó padà sórí àga, wọn ò ní dìde mọ́. Mo ronú kíá. Mo gbé ìkòkò sábẹ́ bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbá èérún igi jọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ṣáná sí i. Iná náà kò tíì gbà dáadáa tí Rédíò fi yọ, imú rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé. Ó bi mí pé kí ló ń jó. Mo ní èérún igi ni mò ń sun, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, mi ò purọ́. Ó yí ilé po, ó yẹ ilé ìdáná wò, ó rí i pé gáàsì ti kú, ó rí i pé mo ti gbálẹ̀, mo tilẹ̀ ti wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó gbá a gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kí eruku má baà dìde. Kò rí nǹkan kan mú lọ. Nígbà tó lọ tán, mo ha ìrẹsì náà kúrò nínú ìkòkò, mo dà á sílẹ̀ fún adìẹ aládùúgbò, adìẹ náà wò ó, ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ro ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Bí pákó bá kúrú, èmi kì í bá pákó jà, rúlà ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìgbà tí mo wo ìka mi ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ayùn ti gé orí ìka ìfábẹ̀lá yìí lọ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin náà ti fi ṣeré rí nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ó ti pẹ́ débi pé mi ò rántí pé kò pé mọ́, ó pé fún mi. Ṣùgbọ́n láti orí rẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó tó fi se ìrẹsì. Mo fò sókè láti orí bẹ́ǹṣì, inú mi dùn. Kì í ṣe èmi ni mi ò mọ oúnjẹ sè. Òdiwọ̀n ni kò pé.

Ó wá ku bí màá ṣe rí òdiwọ̀n tó pé. Mo lè lo ìka mìíràn, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé ìka tèmi àti ti ìyá rẹ dọ́gba? Ìka rẹ̀ ló ti ń se ìrẹsì tí mo ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ni mo fẹ́. Bẹ́ẹ̀ mi ò lè sọ fún un pé ìrẹsì jóná. Mo bá pè é lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, mo ní mo fẹ́ gbẹ́ ṣíbí onígi kan dè é, mo sì fẹ́ kí ọrùn rẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kí n wọ̀n ọ́n. Inú rẹ̀ dùn, ó na ìka náà síwájú fóònù, mo sì gbé rúlà onírin mi lé ojú gíláàsì. Ọmọ mi, àṣé gíláàsì yìí kò ṣeé fọkàn tán. Bó bá sún mọ́ ọn, ìka rẹ̀ á tó igi ilẹ̀kùn, bó bá sún sẹ́yìn, á kéré ju ìṣáná lọ. Mo wá mọ ìdí tí o fi máa ń rù lójú mi nínú fóònù tí ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo ti yọ̀ǹda rẹ, máa jẹun bí o ṣe ń jẹun, gíláàsì ló ń fá ọ.

Ó dára pé aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, téèpù kò jìnnà sí wọn. Wọ́n fi wọn ìka náà, wọ́n pè é fún mi, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo wá mú igi tó ṣẹ́ kù lára àpótí, mo gé e, mo fá a, mo gbẹ́ ẹ roboto, mo fi ayùn kékeré fa ìlà sí ibi tí oríkèé wà. Mo tilẹ̀ fi ọ̀bẹ ṣe èékánná sí i lórí, nítorí iṣẹ́ tí mo bá ti dáwọ́ lé, mo máa ń ṣe é délẹ̀ ni. Mo fọ̀ ọ́, mo ti ìka ìyá rẹ onígi yìí bọ ìkòkò, mo da omi dé ojú ìlà. Nígbà tí mo ṣí ìkòkò, ìrẹsì náà dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó funfun, ó rọ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo dé fìlà kí n tó jẹ ẹ́.

Ti ọbẹ̀ kò fún mi ní wàhálà rárá. Ìyá rẹ ní kí n fi iyọ̀ sí i níwọ̀nba, kò sì sọ ohun tí ìwọ̀nba jẹ́. Mo bá ṣe é bí mo ṣe ń kun fáníìṣì, mo fi díẹ̀ sí i, mo dúró, mo tọ́ ọ wò, mo tún fi díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fi wàdùwàdù kun fáníìṣì, ara tábìlì á lẹ́ mọ́ aṣọ àlejò. Èmi ò kánjú, ọbẹ̀ mi ò sì já mi kulẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa ìyá rẹ, kí o lè mọ irú obìnrin tó bí ọ. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sí ọjọ́ kan tí kì í kí mi kí n tó sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀, ìlà kan yọ lójú fóònù, ó rí gbágungbàgun bí eyín ayùn, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ jáde. Ó ní òun ti gúnlẹ̀, kí n má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kí n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ mi nítorí ẹsẹ̀ ni òtútù ti máa ń mú mi, ó ní ó dàárọ̀. Mo dáhùn pé mo ti ti ilẹ̀kùn, kò dúró gbọ́, ó ti ń sọ ti ẹsẹ̀ lọ, ó sì dùn mí díẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ, kò fi ẹyọ kan kún un, kò yọ ẹyọ kan kúrò, òun ti gúnlẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, aṣọ sí ẹsẹ̀, ó dàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lálaalẹ́ títí di òní. Mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn ṣòwò láyé mi, mi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lójú kan báyìí. Mo ti wá mọ ibi tó ti máa ń mí, ibẹ̀ ni mo ti ń dá a lóhùn, a kì í já lu ọ̀rọ̀ ara wa mọ́.

Jẹ́ kí n wá sọ bí ọwọ́ mi ṣe tẹ Rédíò. Ó rí i pé mi ò wá sẹ́nu ọ̀nà òun, ló bá mọ̀ọ́mọ̀ wá ní àsìkò oúnjẹ, ó gbé abọ́ oúnjẹ dání, ó fi àwo dé e, ó ní àánú mi ló ṣe òun. Mo kí i, mo fún un ní àga, mo bu oúnjẹ mi síwájú rẹ̀ kó tó ṣí tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi orí ṣíbí kàn án bí ẹni pé ó lè gé òun jẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó dákẹ́. O mọ̀ pé Rédíò kì í dákẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu etí àwo, ó bi mí pé ta ló wá sè é fún mi. Mo ní èmi ni. Ó dìde, ó yẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò, ó yẹ yàrá wò, kò bá obìnrin kankan níbẹ̀, ó padà wá jókòó, ó ní kí n tún bu díẹ̀ sí i. Mo bù ú. Oúnjẹ tó gbé wá, òun náà ló gbé e padà lọ sílé.

Àfi bí ìgbà tí wọ́n tan ìròyìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkọjá ilé wa, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lọ tọ́jú àbúrò tó bímọ, gbé ìkòkò rẹ̀ wá bá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà wá, ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú ni òun ti ń jẹ búrẹ́dì. Mo gbẹ́ ìka fún àwọn méjèèjì, mo kọ́ wọn ní ti iyọ̀, mo sì ní kí wọ́n má ṣe kúrò nídìí ìkòkò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí tíṣà se tirẹ̀ tó jinná, ó jókòó tì í, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó ní òun ti rò pé òun ò tún ní jẹ oúnjẹ gbígbóná nínú ilé òun mọ́. Wọ́n ti wá ń pè mí ní Ọ̀gá Ìkòkò. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á na ọwọ́ sókè kí mi. Gbogbo ìrẹsì àwọn ọkùnrin àdúgbò yìí, ìka ìyá rẹ ló ń wọ̀n ọ́n.

Ní ti owó tí o fi sí báǹkì fún mi, mo lọ gbà á. Ṣùgbọ́n báǹkì náà ti kọ ọ̀rọ̀ sí mi tẹ́lẹ̀ nínú fóònù, wọ́n ní kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, bí ẹni náà tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ àwọn ni òun. Mo dé iwájú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn, mo ti káàdì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni nọ́ńbà àṣírí. Mo rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ń dán mi wò ni. Mo sọ fún un pé mi ò ní sọ. Ó tún bi mí, mo ní àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ní kí n má sọ. Nígbà tó rí i pé mi ò yẹsẹ̀, ó ti káàdì mi jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, mo mú un, mo kí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, mo sì gba ilé lọ. Owó rẹ wà níbẹ̀ láìfarapa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ tọrọ nísàlẹ̀ ìwé yìí, awakọ̀ ni kí o fi rán sí mi lọ́wọ́.

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ní ọjọ́ tó kọjá, ìyá rẹ pè mí, ojú rẹ̀ ń dán. Ó yí fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sì fi ojú ara mi rí wọn tí wọ́n ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, ẹnikẹ́ni kò dì wọ́n mú. Mo pàtẹ́wọ́. Mo dìde dúró pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé èmi náà wà nínú ìrìn yẹn, nítorí bí mo bá jẹ́ kí èéfín kan dé etí ìyá rẹ, orí àga ni wọn ì bá ṣì wà. A ti borí, ọmọ mi, a borí pátápátá.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ ní Rédíò ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún òun, pé ilé mọ́ ju ìgbà tí òun wà níbẹ̀ lọ, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti yọ, pé àwọn ọkùnrin ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ní ọkàn òun ti wá balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fẹ́ fi ara balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun fún ìgbà díẹ̀ sí i, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí nǹkan tó ń lé òun bọ̀ nílé. Ó bi mí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ni kí n sọ? Ọ̀gá Ìkòkò ni mí. Mo gbé ohùn sókè, mo ní kó jókòó títí tó bá fẹ́, kò sí wàhálà kankan níbí. Mo fi aṣọ bo fóònù, mo jókòó.

Ọmọ mi, àárò ìyá rẹ ń sọ mí. Mo ń jẹ oúnjẹ tó dára, mi ò sì rí ẹni tó máa sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo gbálẹ̀ tán, kò sí ẹni tó máa fi ẹsẹ̀ eléruku wọlé kí n pariwo mọ́ ọn. Orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ tèmi nìkan ni mo ń sùn sí, tirẹ̀ tẹ́ rekete bó ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Mi ò lè ní kó máa bọ̀, nítorí bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ebi ló ń pa mí, Rédíò á gbé e jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ìṣẹ́gun mi á sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà èmi ni mò ń lọ bá a. Ṣíbí rẹ̀ ti parí, mo ti kùn ún, ó dára kéèyàn gbé iṣẹ́ lọ fún oníṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí màá sọ nìyẹn bí wọ́n bá bi mí. Má sọ fún un pé mò ń bọ̀, má sì sọ ọ́ nítòsí fóònù.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ sí mi. Ti ẹnì kan ní àlọ, ti ẹni méjì ní àbọ̀.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ jáde, yóò máa ṣọ́ ọ wọlé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní jóná nígbà tí ojú ń wò ọ́. Ilé rẹ kò ní dákẹ́ mọ́ ọ lórí láéláé, ẹni tí o bá sì pè láti inú yàrá kan, yóò máa dá ọ lóhùn láti inú yàrá kejì.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń dá gbé, tó sì ń dá gbé dáadáa.